Ǹjẹ́ Ẹni A Gbé Pọ̀n Lè Kọrin?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Aláìmoore ni wọ́n ń fi bá wí, ẹni tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sẹ́yìn ẹlòmíràn tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro ẹni tó pọ̀n ọ́n. N kò bá òwe náà jà. Ìbéèrè tèmi ni pé, bí ẹni a gbé pọ̀n bá mọ̀ ńkọ́? Bí ó bá mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, tí ó ń gbọ́ bí ẹni tó pọ̀n ọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó máa kọrin lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ dára, tí ohun tó ń rí lọ́nà sì wù ú?

Èmi ni ẹni a gbé pọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pọ̀n mí, láti Ṣàngó Ọ̀tà dé Kútọnu.

Ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní agbègbè Ṣàngó àti Ọ̀tà ni adúgbò wa wà. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ bó ṣe ń ṣú níbòmíràn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, bí àwọn kan ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni àwọn mìíràn ń jáde lọ, wọ́n gbé àpò kékeré kọ́ èjìká, abọ́ oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ń jáde. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá ló ti ń ṣiṣẹ́, láti aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, níwájú ẹ̀rọ tó gbóná bí ààrò. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un. Òru tí kò bá lọ, kò sí owó. Ó wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nígbà tí bàbá wa kú. Ó fi í sílẹ̀, ó ní kí èmi máa tẹ̀síwájú.

Ẹ lè béèrè pé kí ló gbé mi dé Kútọnu. Covenant University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, wà ní ìlú wa. Bells, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ láti ọ̀nà jíjìn ń wá kàwé ní Ọ̀tà. Ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kì í ṣe owó ọmọ ẹni tó ń ta ata lọ́jà Ṣàngó. Mo ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì, máàkì mi kò gbé mi dé ibi tí mo fẹ́. Lásìkò náà ni ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, tí ìjọba ti tì láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ṣí padà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún wa nípa ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kútọnu tí owó rẹ̀ kò ga jù. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ṣàngó, a gba Àtàn, a gba Òwódé, a dé Ìdí-Ìrókò. Bí mo ṣe di ẹni tó ń kàwé lókè òkun nìyẹn, láì sọdá òkun kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo gbádùn Kútọnu. Mo gbádùn àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémíjàn, tí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń yọ láti ibi gbogbo bí ìgbà tí eéṣú bà. Mo gbádùn búrẹ́dì gígùn wọn ní òwúrọ̀, àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní àbọ̀bọ̀. Mo gbádùn etí òkun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá jókòó sórí iyanrìn. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Fún ọmọ tó dàgbà ní àgbàlá tí gbogbo ènìyàn ti mọ iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyẹn nìkan tó ayọ̀.

Àwa mẹ́rin tí a jọ wá láti ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn àjò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òfin wa ni pé a ó jáde kí oòrùn tó yọ, a ó ra búrẹ́dì àti omi dání, takisí tí èrò ń kún inú rẹ̀ bí ẹja inú agolo ni a ó wọ̀, a kò sì ní sùn síbì kankan. A lọ sí Porto-Novo, tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Mọ́sálásí ńlá àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá rí i yóò búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí pé àwọn ìdílé tó padà wá láti Brazil lẹ́yìn oko ẹrú ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia. A lọ sí Ouidah, níbi tí ilé àwọn erè ti kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnìkejì jà. A rìn dé etí òkun, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. A ya fọ́tò níbẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, èyí tó jẹ́ ẹjọ́ mìíràn fún ọjọ́ mìíràn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí mo rí lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn kọ́ mi ní ìtàn ju ohun tí mo kà fún ìdánwò lọ.

Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kí ó wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, náírà sì já wálẹ̀. Sẹ́fà kò já bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti so ó mọ́ owó Yúróòpù: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957 láti ọdún 1999. Iye tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́ kò yí padà. Iye tó ń dé ọwọ́ mi ń dín kù ní oṣooṣù. Òun kò mọ èyí dáadáa. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, a lọ sí Ganvié. Ìlú orí omi ni, lórí ọ̀sà Nokoué. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ àwọn ilé sí. Ìtàn wọn sọ pé àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi kí àwọn tó ń kó ẹrú fún ọba Dàhòmì má bàa rí wọn mú. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà, ọkọ̀ ni ọmọ fi ń lọ sí ilé ìwé. Ìpín tèmi nínú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ jẹ́ sẹ́fà 3,500. Ní alẹ́, mo ṣírò rẹ̀ sí náírà: nǹkan bí 7,000. Òru mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò níwájú ẹ̀rọ kí ó tó rí i.

Mo gbé fọ́tò tí mo yà nínú ọkọ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp mi. Kí n tó gbé e síbẹ̀, mo yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò lára àwọn tó lè rí i. Mo sọ fún ara mi pé àánú ni mo fi ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2024, ìròyìn gba gbogbo Nàìjíríà kan. Oníròyìn kan ti fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun fi gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kan ní Kútọnu. Ìjọba àpapọ̀ sì kéde pé àwọn dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti ilẹ̀ Benin àti Tógò dúró ná. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tó yẹ kí ó wà lójú oorun.

“Àbúrò mi, ṣé ò ń lọ sí kíláàsì?”

“Mò ń lọ, Bọ̀dá mi. Ẹ gbà mí gbọ́.”

“Ta ni mo máa bi? Ìwọ náà lo ní kí n má rí nǹkan kan.”

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti fi fọ́tò náà hàn án láti oṣù Kejìlá: “Ẹ wo àbúrò yín nínú ọkọ̀, ó ń jayé.” Ó rí i, kò sọ nǹkan kan, ó sì fi owó oṣù yẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Kì í ṣe fọ́tò ló ba nǹkan jẹ́. N kò pa kíláàsì kan jẹ rí nítorí ìrìn àjò, mo sì lè fi máàkì mi hàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo nílò kí ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́, mo ti ná ìgbàgbọ́ náà tán sórí ohun kékeré. Bí mo bá lè fi ọkọ̀ ojú omi pamọ́ fún un, kí ló kù tí n kò lè fi pamọ́? Àánú tí mo pè é yẹn, bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìbẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ fún un, ó lè sọ pé rárá. Owó rẹ̀ ni, mo sì gba ẹ̀tọ́ àtisọ pé rárá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1972, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ọsirélíà, Peter Singer, gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ṣì fi ń bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè títí dòní. Ó ní bí ènìyàn bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi, tó rí ọmọdé tó ń rì, ó yẹ kí ó wọ inú omi lọ gbé e, aṣọ rẹ̀ ì báà bàjẹ́. Bí ìyẹn bá tọ́, ó ní, kò yẹ kí a máa náwó sórí fàájì nígbà tí owó náà lè gba ẹni tí ebi ń pa ní ọ̀nà jíjìn là. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró létí omi, tí aṣọ rẹ̀ gbẹ, ni ó ń bá wí. Èmi kò sí létí omi. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú omi, èmi ló gbé kọ́rùn. Kí ni ẹni tó wà lọ́rùn jẹ ẹni tó wà nínú omi?

Mo kọ́kọ́ rò pé ìyà ni. Nínú oṣù Kejì, mo kọ ìgbádùn sílẹ̀: gààrí, kíláàsì, ilé. N kò lọ síbì kankan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń retí pé yóò yìn mí, inú bí i. “Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn? Ṣé nítorí kí ìyà lè jẹ ẹni méjì ni mo ṣe ń ṣe òru?” N kò rí èsì. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dín ní ríro nítorí pé ebi ń pa mí. Ìyà tí mo fi ń jẹ ara mi, ti ara mi náà ni mo ń ṣe.

Ohun tí mo rò nísinsìnyí rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Ẹni tó wà lọ́rùn ń rí ọ̀nà iwájú, ẹni tó gbé e ń wo omi. Ó jẹ ẹ́ ní ìròyìn. Ó sì yẹ kí ó mọ bí òun ṣe wúwo tó. Òru ni mo fi ń ṣírò owó báyìí. Òde orin kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ, sẹ́fà 10,000. Mo ka òru tó wà nínú rẹ̀, mo jókòó sílé, kò sì dùn mí púpọ̀. Àjàṣẹ́ kò tó òru kan, mo sì lọ. Kí n tó lọ ni mo pè é. Nígbà tí mo dé, mo tún pè é, ó bi mí nípa mọ́sálásí yẹn títí owó ìpè mi fi tán. Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn ìgbádùn lè dun ẹni tó ń jìyà. Ó lè dùn ún. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó ní, “Ó ti rẹ̀ mí, jẹ́ kó di ọ̀la.” Mo ń jẹ́ kó di ọ̀la.

Nígbà Àjíǹde ọdún 2024, ó gba àyè ọjọ́ méjì, ó sì wá. Láti ibi iṣẹ́ òru ló ti wọ ọkọ̀ wá ní tààrà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kọjá Àtàn nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti ń gbé Ṣàngó. Ó ní Ganvié ni òun fẹ́ rí kí òun tó rí nǹkan mìíràn. Ọkọ̀ wa kò tíì kúrò létí omi púpọ̀ tí oorun fi gbé e lọ, ó fi orí ti àpò rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ wò mí, ó fi ọwọ́ bi mí bóyá kí òun yí padà. Mo ní kí ó máa wà á lọ. Mo fa fìlà ẹ̀gbọ́n mi wálẹ̀ bo ojú rẹ̀ nítorí oòrùn.

Àárín ọjà orí omi ló ti jí. Ó wo àwọn ilé, ó wo àwọn ìyá tó ń ta tòmátì láti inú ọkọ̀ sínú ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé èló ni wọ́n gbà lórí ẹnìkan. Mo sọ fún un. Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣírò.

“Òru mẹ́ta,” ó ní. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí pákó iwájú rẹ̀. “Sọ fún un kó má sáré.”