Ta Ló Ni Ìwé: Ẹni Tó Fi Í Pamọ́ àbí Ẹni Tó Kà Á?

Ní ọdún 1938, sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń ta ìwé aláwòrán tí Superman ti kọ́kọ́ fara hàn ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2024, wọ́n ta ẹ̀dà kan ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Inú ike ni wọ́n sé e mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u láti kà á, iye rẹ̀ lè wálẹ̀.

Ọdún 1938 kan náà ni *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà jáde. Ẹ̀dà tí mo kà ní Ìjurin níbí ti já lẹ́yìn, nítorí ó ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Èwo ló níyì jù? Ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn fíìmù Superman ní ti olówó gọbọi ni. Èmi kò gbà.

Lóòótọ́, ìwé tí a kò tọ́jú, alákàrà ni yóò fi di àkàrà. Mélòó nínú wa ló ṣì ní *Atọ́ka* tí àwọn àgbà ń kà nílé? Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yàtọ̀ sí àtìpa. Àgbẹ̀ kì í fi èbù pamọ́ kó lè máa wò ó. Nítorí àtigbìn ni. Ẹni tó bá ní ìwé, kó fi bébà bò ó lẹ́yìn, kó sì yá ọmọ ẹlòmíràn.