Ọpẹ́ Lórí Ife Omi Kan

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe ọpẹ́ ilé tuntun tàbí ti ọkọ̀, tí a ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ jó dé iwájú pẹpẹ. Ọpẹ́ lórí àwọn ohun kékeré tó ń mára tù wá lójoojúmọ́ ni: iná tí a tẹ̀ tó tàn, fáànù, fíríìjì, omi tó ń yọ nínú ilé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti ń gbé òṣùká lérí lọ sódò. Bí àmù ìyá wa kò bá kún, kò sí ẹni tí yóò lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo sì di olùkọ́ ní ìletò kan ní nǹkan bí ọdún 1985, àyè mélòó kan máa ń ṣófo ní kíláàsì mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí sòbìà. Ẹni tó bá mu omi adágún tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, yóò tó bí ọdún kan kí aràn náà tó lu ẹsẹ̀ jáde. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì sí oògùn tó ń pa á. Igi tín-ín-rín ni a fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ọmọ á máa ké.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló lò. Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà lára àwọn tó sapá. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn ló pọ̀ jù: àwọn ará abúlé tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń pín asẹ́ aláṣọ, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń sẹ́ omi mímu.

Ohun tí Dáfídì rí nìyẹn, nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí 23. Òùngbẹ omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gbẹ ẹ́, akọni mẹ́ta sì la àárín ọ̀tá kọjá lọ pọn ọ́n wá. Kò lè mu ún. Ó tú u sílẹ̀ níwájú Olúwa, nítorí ó rí ẹ̀mí ènìyàn nínú omi náà.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí náà kùnà. Àwọn ọmọ mi gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ̀ sílé mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan láti àdúgbò gbé korobá wá. Mo ní kó máa lọ, pé epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀, mo ń dúpẹ́ pé a kò ṣaláìní omi bí àwọn aládùúgbò wa. Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Àdúrà Farisí inú tẹ́ńpìlì ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Ẹnìkan lè wí pé bí a bá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, ẹ̀rọ á bàjẹ́, owó á sì tán. Òótọ́ ni, ọgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. John Wesley pàápàá, nínú ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó, kọ́ wa láti ṣiṣẹ́ àti láti ṣọ́ owó ná. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tí kò fi fúnni kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo fa ẹnu ẹ̀rọ kan síta, mo sì ń ṣí i fún wákàtí kan láàárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó ń ná mi lówó díẹ̀, àdúrà mi kò sì há mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí ẹ bá tún bu omi mu, ẹ bi ara yín léèrè ohun méjì: ọwọ́ ta ni Ọlọ́run fi rán an sí mi? Ọ̀dọ̀ ta ni kò tíì dé? Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ọpẹ́ tòótọ́. Àmín.