Ìdánrawò Ọ̀gá

Bí ọmọdé bá ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí tí ó fi ń ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé kò ì tí ì mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá tí ó ti gba ìyìn káàkiri bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ábídí, kín ni a ó pe irú èyí? Ṣé ìrẹ̀lẹ̀ ni, àbí ẹ̀rù, àbí àṣà lásán tí ọwọ́ kò lè fi sílẹ̀ mọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn atagìtá jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà le lọ́dọ̀ wọn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìdí tí ó fi le ni pé orin jáàsì kì í ṣe orin tí a kọ sílẹ̀ tán kí a tó mú un jáde. Wọn a kọ́kọ́ ta orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn náà, olórin kọ̀ọ̀kan a bọ́ síwájú, a sì máa hun orin tuntun lójú ẹsẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn olùgbọ́ san owó fún ni pé kí nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wàyí o, ẹni tí ó ti ń ta gìtá fún ogún ọdún ti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà àbùjá nínú ìka rẹ̀. Ìka yìí lè máa sáré lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkàn olówó rẹ̀ wà níbi oúnjẹ tí yóò jẹ bí ó bá délé. Àwọn ènìyàn a sì pàtẹ́wọ́. Ǹjẹ́ ọkùnrin yìí kò ti tan wọ́n jẹ bí?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, onílù dùndún ńkọ́? Oríkì tí baba rẹ̀ fi ń ki àwọn ènìyàn ni òun náà fi ń kì wọ́n, a kò sì pè é ní ẹlẹ́tàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo onílù tí ó mọṣẹ́ ní òde ìgbéyàwó: ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tí ń jó. Bí ẹsẹ̀ oníjó bá yí, ìlù a yí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ fún. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú ohun tí ìka ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí etí bá ti dákẹ́ iṣẹ́ ni ẹ̀bi ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á wo Wes Montgomery, ọmọ ìlú Indianapolis, tí a bí ní 1923. Ó ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún kí ó tó gbájú mọ́ gìtá, lẹ́yìn tí ó gbọ́ àwo Charlie Christian, ẹni tí ó kú ní 1942 ní ọmọ ọdún 25. Etí ni Montgomery fi kó ohun tí Christian ta, ó sì ń tà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àwọn ènìyàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Lẹ́yìn tí ó ti bá ẹgbẹ́ Lionel Hampton rìn kiri láti 1948 sí 1950, ó padà sílé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ní ọ̀sán, ó ń ta gìtá ní ilé ọtí ní òru. Àtàǹpàkò ni ó fi ń ta okùn gìtá, kì í lo ike pẹlẹbẹ tí àwọn ẹlòmíràn ń lò. Wọ́n ní nítorí kí ariwo má baà di àwọn ará ilé àti aládùúgbò lọ́wọ́ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣe nítorí oorun ẹlòmíràn ni ó wá di ohùn tí gbogbo ayé fi dá a mọ̀ nígbà tí àwo rẹ̀, The Incredible Jazz Guitar, jáde ní 1960. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún mi pé ìdánrawò òun kò kan ẹlòmíràn, èyí ni n ó fi dá a lóhùn.

Sonny Rollins kì í ṣe atagìtá, fèrè saxophone ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ní 1959, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn, ó dédé yẹra fún òde. Títí di 1961, orí afárá Williamsburg ní New York ni ó ń lọ, tí ó ń fọn fèrè rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí ó padà, Jim Hall atagìtá ni ó mú mọ́ra, wọ́n sì jọ ṣe àwo The Bridge tí ó jáde ní 1962. Kò sí ẹni tí ó lé e lọ sórí afárá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́ ohun tí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ kò gbọ́.

Níbí ni èdè wa ti ràn mí lọ́wọ́. Ìdánrawò ni a ń pè é: kí ènìyàn dán ara rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá jí láràárọ̀ tí ó ń ta orin mẹ́ta tí ó mọ̀ jù kò dán ohunkóhun wò. Ó kàn ń ki ara rẹ̀ ni. Mick Goodrick, olùkọ́ gìtá ní Boston tí ó kú ní 2022, mọ àrùn yìí. Nínú ìwé rẹ̀, The Advancing Guitarist, tí ó jáde ní 1987, ó gba ẹni tí ó ti mọ gìtá ta níyànjú pé kí ó máa ta orin lórí okùn kan ṣoṣo. Ẹ wo ọgbọ́n náà! Bí okùn bá di ẹyọ kan, gbogbo àbùjá tí ìka mọ̀ ti dí. Etí nìkan ni ó kù tí yóò máa júwe ọ̀nà. Àwọn mìíràn a máa ta orin kíákíá ní wọ́ọ́rọ́wọ́, títí tí àbùkù tí eré sísá ń bò mọ́lẹ̀ yóò fi hàn.

Ọ̀rọ̀ Pat Martino ni ó wọ̀ mí lára jù. Ọ̀gá ni nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ rẹ̀ ní 1980. Nígbà tí ó jí, púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ ti lọ, títí kan gìtá. Àwọn àwo tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ni ó ń gbọ́ tí ó fi kọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀; ó di ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní 1987 ó tún ṣe àwo, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i kí ó tó kú ní 2021. Bí ohun tí a ti mọ̀ bá ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀gá, kín ni Martino ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé gìtá náà lé ẹsẹ̀?

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àlejò nìkan ni mo ń sọ. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, kíláàsì mẹ́ta ni mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ kan náà lórí ìpajẹ fáwẹ́lì. Nínú ti àkọ́kọ́, mo ń làágùn. Èkejì dùn. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe ní èkejì ni mo tún ṣe níbi kan náà gan-an, mo sì dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ti nawọ́ sókè fún ìgbà pípẹ́, n kò rí i. Nígbà tí mo fún un láyè, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ‘ra ẹran’ fi di ‘rẹran’, tí ‘ra iṣu’ kò sì di ‘riṣu’?” Ìdáhùn kò sí nínú àkọsílẹ̀ mi. Mo ní a ó padà sórí rẹ̀, a kò sì padà. Máàkì tí mo gbà lọ́jọ́ náà dára púpọ̀.

Gìtá àlòkù kan wà lọ́wọ́ mi ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo tú okùn márùn-ún kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé iyàrá bi mí bóyá orí mi pé. Ó di ọjọ́ kẹfà lónìí, orin tí mo rò pé mo mọ̀ dunjú kò ì tí ì jáde tán lórí ẹyọ kan tí ó kù.