Ẹ Jẹ́ Kí Koríko Sinmi

Tí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, ojú sánmà á yí padà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò á kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn á mú ganrín-ganrín, nígbà tó bá sì di ìparí ọdún, ọyẹ́ á gba ìlú, ètè á máa là, eruku pupa á bo ewé. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó máa ń wálé ṣọdún. Wọ́n á ṣí géètì ilé ńlá tí wọ́n kọ́, wọ́n á sì retí pé kí koríko iwájú ilé tutù minimini bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nígbà àjọ̀dún Ojúde Ọba. Ojúde Ọba ọdún 2024 àti ti 2025, inú oṣù kẹfà ni méjèèjì bọ́ sí, tí òjò ń rọ̀ lákọlákọ. Nígbà tí mo bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rò: ohun tí òjò nìkan lè ṣe la ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn baba wa ò gbin koríko síwájú ilé. Ojúde tó wù wọ́n ni èyí tí a gbá mọ́ tóní, tí ilẹ̀ rẹ̀ le, tí ejò ò ríbi sá pamọ́ sí. Bí koríko bá yọjú, ọkọ́ ló ń gbà á. Ìjọba òyìnbó tó gba Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ọdún 1892 ló mú àṣà ilé tó dá dúró láàrin pápá koríko wá, GRA la sì ti kọ́kọ́ ń rí i. Lónìí, ó ti di tiwa, n kò sì bínú sí i. Koríko ń mú kí ara ilé tutù, ó ń di ilẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má wọ́ ọ lọ, ọmọdé sì lè ṣubú lórí rẹ̀ kó má bó lórúnkún. Ohun tí a kò tíì kọ́ ni bí a ṣe ń bá a gbé nígbà tí òjò kò sí.

Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oṣù kìíní, kí o fi ìka la koríko kápẹ́ẹ̀tì sọ́nà méjì. Ewé òkè ti gbẹ, ó ń ró wàrà-wàrà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí okùn rẹ̀ ti ń rá lórí ilẹ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣì ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Fà á díẹ̀, kò ní tu. Bí àgbàlagbà ṣe ń ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ aṣọ òfì nígbà ọyẹ́ ni koríko ṣe ń kó ẹ̀mí rẹ̀ wọ ìdí. Èyí tó bá wá tu wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́wọ́, tí a kò rí gbòǹgbò nídìí rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tàbí kó ti kú. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí onílé mọ̀ nìyẹn kó tó pariwo pé koríko òun ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi ló ká mi lára jù. Kí pápá tó lè tutù jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 25 lọ́sẹ̀ kan. Odindi kẹ́ẹ̀gì kan nìyẹn. Pápá tó jẹ́ mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóòró yóò mu 100 kẹ́ẹ̀gì lọ́sẹ̀. Ní àdúgbò tí àwọn ọmọ ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tò sẹ́nu géètì ẹni tó ní bọ́họ̀ọ̀lù, ọkàn mi kò gbà kí a da 100 kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ torí àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ pé kí koríko má kú la ń wá, ìdajì kẹ́ẹ̀gì sórí mítà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ti tó. Ìdájí ni ká bù ú, kí oòrùn tó là, ká sì jẹ́ kó rin ilẹ̀ wọlé dáadáa. Omi díẹ̀ tí à ń wọ́n lójoojúmọ́ kì í kọjá òkè ilẹ̀, òkè náà sì ni gbòǹgbò yóò dúró sí, níbi tí oòrùn ti máa rí i jó.

Ìgbà òjò la ti ń múra ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀. Ẹni tó ń fá koríko kodoro ní oṣù kẹwàá ti gba oúnjẹ lẹ́nu gbòǹgbò, nítorí ewé ló ń se oúnjẹ náà. Ẹ fi í sílẹ̀ ní íǹṣì méjì sí mẹ́ta, kí ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tí ẹ gé jẹrà síbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa dára kí òjò tó dá. Ajílẹ̀ tí a dà sórí koríko tí òùngbẹ ń gbẹ, jíjó ni yóò jó o. Abẹ́ igi máńgòrò gba koríko kápẹ́ẹ̀tì. Ojú oòrùn gbangba, koríko Bàhámà ló lè dúró níbẹ̀.

Ó ti sú ọ̀pọ̀ onílé, wọ́n ti fi íńtálọ̀ọ̀kù bo àgbàlá láti géètì dé ẹ̀yìn ilé. Mo mọ ohun tó fà á, àmọ́ ó ń dùn mí. Omi tí à ń fà nínú kànga ní oṣù kejì, òjò ọdún tó kọjá tó rì sínú ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí koríko bò ń gba òjò wọlé. Orí kọnkéré, gọ́tà ni òjò ń gbà lọ. Nítorí náà, koríko tó pọ́n lójú wa nínú ọyẹ́ ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ fún wa láti oṣù kẹrin.

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń wálé ṣọdún, bí ẹ bá bá koríko yín ní gbígbẹ, ẹ má bá bàbá tó ń ṣọ́ ilé jà. Ẹ má gbé mọ́tò gun orí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí kánópì àríyá sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi tí ẹ bá fẹ́ dà sí i, ẹ ṣí ẹ̀rọ fún àwọn ará àdúgbò kí wọ́n pọn ún. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní oṣù kẹta, koríko náà á rú.