Májẹ̀mú Òṣùmàrè àti Omíyalé Ìbàdàn

Ìwàásù fún ìwé ìrántí àjọ̀dún ìjọ wa, Oníyanrìn, Ìbàdàn
Ẹ̀kọ́ kíkà: Gẹnẹsisi 9:8–17, Jona 1, Matteu 7:24–27

  

Ọ̀rọ̀ òjò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwa Aládùúrà kò gbọdọ̀ ka òjò sí ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ ní ọdún 1918, Arábìnrin Ṣófíà Ọdúnlámì, tíṣà ni, rí ìṣípayá pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn lò pẹ̀lú àdúrà. Ní ọdún 1930, nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lábẹ́ Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá, omi náà ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń gbé wá kí a gbàdúrà sí i. Omi òjò tó jẹ́ oògùn fún àwọn bàbá wa, kí ló wá sọ ọ́ di jàǹdùkú tó ń fọ́lé wa?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nílùú lọ́jọ́ náà kò lè gbàgbé 31 August 1980. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Òjò rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá, Ògùnpa kún, ó kọjá bèbè, ó sì gba àárín ìlú bí ẹni pé òun ló ni títì. Ó kó ilé, ó kó ọjà, ó kó mọ́tò. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Omíyalé, agbára ya ṣọ́ọ̀bù, bí ará Ìbàdàn ti ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ló bá tún dé ní ọjọ́ Ẹtì, 26 August 2011. Ní ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀, afárá ti lọ ní Apẹ̀tẹ̀, omi ti wọ ọgbà Yunifásítì, ó ti kó ẹja inú ọgbà ẹja wọn lọ, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì tún bá a rìn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nídìí ìṣọ́ òru. Wọ́n ní ayé ló rán an. Àwọn mìíràn ní òrìṣà odò ló ń bínú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dùn mí jù ni àwọn tó di Bíbélì mú, tí wọ́n ní kí á má dara wa láàmú, ṣebí Ọlọ́run ti fi òṣùmàrè dá májẹ̀mú pé òun kò ní fi ìkún omi pa ayé rẹ́ mọ́. Òótọ́ ni májẹ̀mú náà, ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà. Àmọ́ ẹ tún un kà dáadáa. Ohun tí Òun fúnra Rẹ̀ kò ní ṣe ni Ọlọ́run sọ. Kò sí ibi tó ti ṣèlérí pé bí a bá kọ́lé sójú ọ̀nà odò, odò yóò yà fún wa. Nóà pàápàá tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run, ó gbé àáké, ó la pákó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ, nítorí kò le rárá. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èédú ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, tí epo bẹntiróòlù àti gáàsì wá tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide ń pọ̀ sí i lójú sánmà. Kí iléeṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé, ó jẹ́ ìdá 280 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí. Bí kúbùsù ló rí lára ayé, kì í jẹ́ kí ooru jáde. Ọdún 2024 ló gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀. Ẹ wo aṣọ tí a sá sóòrùn. Bí oòrùn bá ti mú tó, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ṣe ń yára gbẹ. Omi ara rẹ̀ kò sọnù o, afẹ́fẹ́ ló gbé e. Bí ooru bá fi dígírì kan pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ lè gbé omi tó fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó bá sì fẹ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dà á. Ní ọdún 2022, ìkún omi pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Èmi kò sọ pé ooru ayé ló fa ti 1980. Pàǹtírí tí a dà sódò àti ilé tí a kọ́ sétí rẹ̀ ti tó pa wá nígbà náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé odò kan náà, tí a ti fún lọ́rùn, la fẹ́ fi gba òjò tó le ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ dúró sí Màpó kí ẹ wo ìsàlẹ̀: páánù so mọ́ páánù, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba títí dé Bẹ́yẹrúnká. Ibo ni ilẹ̀ ti fẹ́ rí àyè mu omi?

Ẹnìkan á ní, "Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olówó ayé ni, kí ló kàn wá?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Èéfín gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé. Ẹ rántí Jona. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n gbogbo inú ọkọ̀ ni ìjì bá jà. Àwọn atukọ̀ ń da ẹrù wọn sómi, Jona ń hanrun nísàlẹ̀ ọkọ̀! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe ń sùn. Ó yẹ kí ẹnìkan lọ jí wọn. Ṣùgbọ́n Jona wà nílé tiwa náà. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979 ní kí iná gáàsì tí wọ́n ń dá ní ìdí epo kú ní January 1984. Ó ń jó di òní olónìí. Jona kékeré sì ni ẹni tó ń dúró de òjò kó tó da ilẹ̀ ilé rẹ̀ sí gọ́tà.

Orúkọ àdúgbò wa ní iyanrìn nínú, ẹ má bínú bí mo bá fi ṣe àpèjúwe. Nínú Matteu orí keje, òjò kan náà ló rọ̀ sí ilé méjèèjì. Àwọn onílé méjèèjì ló gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ṣe é, èkejì kò ṣe é. Lọ́dọọdún ni àwọn aṣàyẹ̀wò ojú ọjọ́ ìjọba ń kéde ibi tí omi lè ti yalé. Fáráò tó jẹ́ kèfèrí gbọ́ ìkìlọ̀ Jósẹ́fù, ó kọ́ àká. Àwa tí a ní Ẹ̀mí Mímọ́, a ń pa rédíò.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ àjọ̀dún, aago méje àárọ̀, kí gbogbo ìjọ pàdé nídìí gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mú ṣọ́bìrì àti ọkọ́ wá. Kí àwọn ìyá ìjọ wá àpò tí a ó máa kó ọ̀rá piọ́wọ́tà sí lọ́jọ́ àsè, kó má baà wọ odò. Àwọn ará wa tí ilé wọn wà létí omi, kí wọ́n rí àwọn àgbà ìjọ kí òjò August tó dé, ká jọ wá ibi tí wọn yóò máa sùn sí bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ẹ má wọ aṣọ funfun wá; ó di ọjọ́ Ìsinmi.