Ìrẹ̀lẹ̀ Gbajúmọ̀ àti Ìrẹ̀lẹ̀ Aládùúgbò: Èwo Ni À Ń Yìn?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, èmi gan-an ni ó kọ́kọ́ bá wí kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú mi gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Ààfáà, ẹ wá wo Mané, ó ń fọ ilé ìtọ̀ mọ́sáláṣí!” Mo ti mọ fídíò náà tipẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni ó kọ́kọ́ jáde, nígbà tí Sadio Mané ń gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool ní ìlú òyìnbó. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Leicester City. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn èèyàn rí i lórí fóònù wọn, tí ó ń fi garawa bu omi, tí ó ń bá wọn tọ́jú ibi tí a ti ń ṣe ìmọ́tótó ní mọ́sáláṣí kan ní ìlú náà. Láti ọjọ́ náà, fídíò yìí kò kú. Bí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ bá ti dé, yóò tún jí, yóò gba Facebook dé WhatsApp.

Ọkùnrin yìí tó ẹni tí à ń fẹ́ràn. Ọdún 1992 ni wọ́n bí i, ọmọ Bambali ni, abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Kékeré ni ó wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì sí ilé ìwòsàn ní abúlé náà. Nígbà tí Ọlọ́run bùkún un, ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, ó sì kọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, òun ni ó gbá pẹnáritì tó kẹ́yìn wọlé nígbà tí wọ́n bá Íjíbítì wọ̀ ọ́, tí Sẹ̀nẹ̀gàl fi gba Ife Ilẹ̀ Adúláwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Sócrates nítorí iṣẹ́ àánú rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà. Bí àwọn ọmọ wa bá máa wo ẹnì kan lórí fóònù, ó sàn kí wọ́n wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí ń fọ́n owó ká ilẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi náà ti fi fídíò yìí ṣe wáàsí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ike ni mo ń tà lọ́jà: garawa, bútà àlùwàlá, abọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó ní ìsọ̀ mi, mo ń fi fídíò Mané han ẹni tí a jọ ń tajà, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé. Ẹ mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀: òun ni ó ń fọ ilé ìtọ̀ àti ibi àlùwàlá mọ́sáláṣí wa kí àwọn èèyàn tó dé fún ìrun Àsùbáà. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ fún un. Ó fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì tí yóò fi máa fọ ibẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n dín owó rẹ̀ kù díẹ̀. Mo ní kò gbà. Ó ka owó náà pé, ó ní, “Ọlọ́run yóò bù sí i,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo padà sí orí fóònù mi.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ẹni tí ó fọ mọ́sáláṣí ní ìlú òyìnbó, mo sì gba èrè lórí búrọ́ọ̀ṣì ẹni tí ń fọ èyí tí èmi fúnra mi ń kírun nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibi àlùwàlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo wa ń ráhùn, èmi náà sì wà lára wọn. A ń bèèrè pé ta ló yẹ kí ó fọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé bàbá yẹn ńkọ́. Àṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, kò lè dìde. Nígbà tí mo lọ kí i, ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, “Ààfáà, ta ló ń fọ ibẹ̀ báyìí?” N kò rí èsì fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí àdíìsì kan tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ẹnì kan ń gbálẹ̀ mọ́sáláṣí Ànọ́bì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Obìnrin dúdú kan ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan nínú ìtàn náà sọ pé ó lè jẹ́ ọkùnrin. Ó kú, wọ́n sì sin ín láìsọ fún Ànọ́bì; lójú wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré. Ànọ́bì ni kò rí i mọ́ tí ó bèèrè rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó tóbi jù lọ nínú ìlú ni ó mọ̀ pé agbálẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ààfáà, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Mané ní owó tí ó lè fi gba igba èèyàn síṣẹ́. Ẹni tí kò ga, kí ni yóò rẹ̀ sílẹ̀?” Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ṣòro fún olówó láti tẹ̀ ba. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn náà lè ṣe bíi tiwa, kí ó kírun kí ó sì máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú un. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọkàn wa wò. Omi kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, ilé Ọlọ́run kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ náà ni a fẹ́ràn, a óò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí olówó ṣe é nìkan ni ọkàn wa ń rọ̀, a jẹ́ pé owó àti òkìkí rẹ̀ ni à ń yìn. Ìrẹ̀lẹ̀ kàn jẹ́ aṣọ tí a fi bò ó. Àti pé ìfẹ́ ẹni tó jìnnà kò ná wa ní nǹkan kan ju àtàǹpàkò tí a fi tẹ fóònù. Ẹni tó wà nítòsí ni yóò ná wa ní owó, ní àkókò, àti nígbà mìíràn ní ìtìjú.

Ohun mìíràn ni pé ìwọ̀nba ni fóònù ń fi hàn wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tí Mané wà ní Bayern Munich ní Jámánì, èdè àìyedè bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn tí Manchester City na wọ́n. Ẹgbẹ́ náà yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ǹjẹ́ èyí sọ iṣẹ́ rere rẹ̀ di asán? Rárá o. Ọmọ ènìyàn ni, a sì máa ń ṣì í ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere ni kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti dì mú, kì í ṣe orúkọ ènìyàn.

Ní ti àníyàn rẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ni ó wà. Tiwa ni kí a bojú tó. Nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 271, Ọlọ́run fi yé wa pé ọrẹ tí a ṣe ní gbangba dára, èyí tí a ṣe fún aláìní ní ìkọ̀kọ̀ sì dára jù fún wa. Ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí omi Ọya àti Bẹ́núé kún bo ilé àwọn èèyàn ní ìlú Lọ́kọ́jà yìí. Àwa kan gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí àpò ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ wa títí a fi ya fọ́tò. Bí kò bá sí fóònù lọ́jọ́ náà, ṣé à bá lọ?

Mo ti dá owó búrọ́ọ̀ṣì padà fún bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ra ọṣẹ fún mọ́sáláṣí. Ní báyìí, èmi àti àwọn ọmọ kéú tó dàgbà díẹ̀ ni a ń fọ ibẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le, mo sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ya fídíò. Mo mọ̀ pé bí mo ti ń kọ ọ́ síbí yìí, ṣekárími lè yọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì.

Ẹ máa fẹ́ràn Mané, kò burú. Ṣùgbọ́n kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù bèèrè orúkọ ẹni tí ń fọ ibi àlùwàlá mọ́sáláṣí tirẹ̀, kí ó sì wo ohun tí ẹni náà kù. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí ń rí ẹni tó wà nítòsí, kí Ó sì gba iṣẹ́ wa ní iṣẹ́ rere. Àmín. Wàsàláàmù.