BÍ IRIN-IṢẸ́ BÁ KÚ, TA NI YÓÒ JOGÚN IṢẸ́ RẸ̀?

Wọ́n ní kí akọ̀wé ìjọ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ìrántí yìí. Mo rò ó pé n kò ní tún máa ka orúkọ ìgbìmọ̀ àti iye owó tí a dá, nítorí ẹ óò rí ìyẹn ní ojú ewé mìíràn. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn irin-iṣẹ́ tí a bá láyé, tí wọ́n sì kú lójú wa ńkọ́? Kí ni wọ́n fi rọ́pò ara wọn?

Ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún láàrin wa ti sin irin-iṣẹ́ púpọ̀. Aṣọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri dé Èkó ní ọdún 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939; àwọn bàbá wa ni wọ́n mọ̀ ọ́n, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé jáde ní ọdún 1963 kún inú àpótí wa fún orin àti ìwàásù, ṣùgbọ́n lónìí ọmọ wa kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí a ń kì bọnú ẹ̀rọ. Ọdún 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká tí a ń pè ní GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, kò pẹ́ tí okùn NITEL fi di ohun tí aláǹgbá ń sáré lórí rẹ̀. Àní àwọn tí wọ́n ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ̀nà, iṣẹ́ tí GSM fúnra rẹ̀ bí, iṣẹ́ náà ti wọlẹ̀ kí ọmọ tí a bí ní ọdún yẹn tó pé ogún ọdún.

Èrò tèmi ni pé irin-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan ni èyí tí a torí rẹ̀ rà á. Èkejì ni èyí tí a kò rán an, tí a kò sì sanwó rẹ̀, tí ó kàn ń bá wa ṣe láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí irin-iṣẹ́ tuntun bá dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ó ń gbà, ó sì lè ṣe é dáadáa ju ti àtijọ́ lọ. Iṣẹ́ kejì ni kì í ní àrólé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó níbí. Gbogbo wa mọ̀ pé iṣẹ́ gẹdú wà lára ohun tí ó gbé àdúgbò yìí ga. Láyé ijọ́un, ayùn gígùn tí ẹni méjì ń fà ni wọ́n fi ń gé igi. Bí ọ̀kan bá fà á, èkejì á dẹ ọwọ́. Bí inú wọn kò bá ṣọ̀kan, ayùn á há. Igi ńlá kan lè gbà wọ́n lọ́jọ́ kan gbáko. Ayùn ẹlẹ́rọ dé, ẹnì kan ṣoṣo lè bi irú igi bẹ́ẹ̀ wó kí a tó jẹ iyán tán. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ra ayùn, ẹ̀rọ gbà á, ó sì ṣe é yanjú. Iṣẹ́ kejì ńkọ́? Ìlọ́ra ayùn àtijọ́ ń bá wa ṣọ́ igbó. Àárẹ̀ ọwọ́ agégi kò jẹ́ kí ó gé ju èyí tí igbó lè hù padà lọ. Kò sí ẹni tí ó fi ayùn jẹ oyè ọlọ́dẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni ó ń ṣe. Ó kú, a kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo igbó ọba Olúwa lónìí. Lóòótọ́, kì í ṣe ayùn nìkan ni ó jẹ ẹ́, oko dídá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kò lè pè ní igbó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà. Kí lẹ́tà tó dé ni àrokò ti wà: bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, o mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí ọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣí ní Èkó ní ọdún 1852, díẹ̀díẹ̀ àrokò kógbá sílé. Lẹ́tà kì í ṣe ohun kékeré. Lẹ́yìn ọdún 1918, lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni àwọn baba Aládùúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó fi bá ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́, pẹ̀lú gbogbo òkun tí ó wà láàrin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, níbi tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé, bí pósítọ́fíìsì bá pẹ́, gáréèjì kì í pẹ́. A ó fi lẹ́tà lé dírẹ́bà lọ́wọ́, ó di ilé.

Iṣẹ́ tí a rán lẹ́tà ni pé kí ó gbé ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ tí a kò rán an ni pé ó ń dá wa dúró. Ẹni tí inú ń bí yóò wá bébà, yóò wá báírò, yóò wá sítáǹbù. Kí ó tó kọ ojú ewé kan tán, ìbínú ti ń rọlẹ̀. Àwa tí a fi táípùráítà ṣe iṣẹ́ akọ̀wé mọ èyí dáadáa. Bí ọwọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lórí sítẹ́ǹsù, a ní láti fi oje pupa pa á, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó gbẹ, kí a tó tún un tẹ̀. Nítorí náà a máa ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ.

Tẹligíráàmù tilẹ̀ ń gba owó lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni a fi ń ránṣẹ́, àwa Yorùbá sì mọ bí a ti í lò ó. A kì í kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ti kú. A ó ní, "Ara bàbá kò yá, máa bọ̀ kíá." Ọmọ yóò délé, yóò bá àwọn àgbà níjòókòó, ẹnì kan yóò ti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó túfọ̀ fún un. Lónìí ńkọ́? Kí òkú tó tutù, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp. Ọmọ wà nínú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣí fóònù láti wo aago, ó bá òkú ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dì í mú. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tí ó fi àwòrán ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá o. Ó ṣeé ṣe kí omijé wà lójú òun náà. Irin-iṣẹ́ tí ń bá a ṣe sùúrù ni ó ti kú, òun kò sì mọ̀ pé òun ni àrólé.

Àtùpà pẹ̀lú. Ilé púpọ̀ ni kò ní ju ẹyọ kan lọ. Nítorí ìmọ́lẹ̀ ni a ṣe rà á, ṣùgbọ́n ó ń kó ẹbí jọ. Ọmọ ń kàwé, ìyá ń ṣa ẹ̀wà, bàbá ń pàlọ́, ìdí iná kan náà ni gbogbo wọn wà. Nísinsìnyí sólà wà, tọ́ọ̀ṣì wà lórí fóònù, kálukú wà ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, ojú kò rí ojú mọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a padà sẹ́yìn. Láyé lẹ́tà, ìyá tí kò mọ̀wé ní láti tú àṣírí ilé rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò tí yóò bá a kà á. Kẹrosíìnì tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ epo mìíràn ti dá ẹ̀mí légbodò nínú ilé. Kí GSM tó dé, ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, okùn tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ kò tó mílíọ̀nù kan. Olówó àti ọ̀gá ni ó ni í. Lónìí, àgbẹ̀ tí ó wà ní ahéré ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin wo ni yóò ní kí a dá òun padà sídìí ọlọ, kí òun fi ọwọ́ lọ ata ọjọ́ àjọ̀dún? Ẹni tí ó bá ń sunkún àtijọ́, kí ó bi ẹni tí àtijọ́ wúwo lé lórí.

Ẹnì kan lè wá wí pé ayé àtijọ́ ni ayé ìwà, fóònù ni ó ba ìwà jẹ́. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Sùúrù tí lẹ́tà mú wa ṣe kì í ṣe sùúrù tiwa, ti lẹ́tà ni. Ẹni tí kò jalè nítorí pé ilẹ̀kùn wà ní títì, a kò tíì lè pè é ní olóòótọ́. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ ni a ó mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Irin-iṣẹ́ tuntun ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ayùn, lẹ́tà àti àtùpà ń fi tipá mú wa ṣe, ó ku kí a fi ọkàn ara wa ṣe é. Bí a bá sì fi ọkàn ṣe é, ó níyì ju ti tipá lọ. Nítorí náà, àwa ni àrólé. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá wa jẹ ogún yìí.

Kí ni kí a wá ṣe? Bí ẹnì kan bá papò dà, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí fóònù títí àwọn ẹbí yóò fi túfọ̀ fún ara wọn. Bí ọmọ olóògbé bá wà lókèèrè, kí a kọ́kọ́ wá ẹni tí ó sún mọ́ ọn níbẹ̀, kí onítọ̀hún lọ jókòó tì í. Bí inú bá ń bí wa, kí ọ̀rọ̀ tí a kọ sùn mọ́jú kí a tó fi ránṣẹ́. Kí a fi fóònù sílẹ̀ ní alẹ́ kan, ó kéré tán, láàrin ọ̀sẹ̀, kí ojú rí ojú. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ gé igi, kí ó fi ọwọ́ gbin òmíràn. Ìyá tí ń rí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù láyé tí lẹ́tà ń pẹ́ lọ́nà, kò yẹ kí ó lo oṣù mẹ́ta láìgbóhùn ọmọ náà láyé tí ìpè kò gba ìṣẹ́jú kan.

Fóònù ọwọ́ wa náà yóò kú lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ọmọ wa yóò sì fi ṣe ẹ̀rín. Ìyẹn kò burú. Kí wọ́n ṣáà ti bá sùúrù, ìṣọ̀kan àti ìtọ́jú ara ẹni nílé, kí wọ́n má bàa rò pé àwọn náà bá fóònù sọnù.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí a jogún. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ